Gbá a Ni Mo Gbọ́

Dádì mi,

Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn kí èèyàn máa fi ìkíni gígùn dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo bá wá. Èmi àti Ọ́ńkù, àbúrò yín, ń jà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo là ń jà lé lórí, èyí tó jáde lẹ́nu yín gbẹ̀yìn kí ẹ tó kú. Ó ní gbà á ni ẹ sọ. Mo ní gbá a ni. Oṣù márùn-ún rèé tí a ti sin yín, ìjà yẹn ò tíì tán. Lónìí Sọ́ńdè ni mò ń kọ̀wé yìí, tó bá sì di ọ̀la, èèyàn méjì ló ń retí ìdáhùn lẹ́nu mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ohun tí ẹ sọ, ẹ sì ti lọ.

Mọ́mì wà dáadáa. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ife tíì méjì ló ṣì ń pò láràárọ̀. Á mu ọ̀kan, á wo ìkejì títí á fi tutù, á wá dà á nù. Èmi àti ẹ̀ ò sọ ọ́ síra wa rí. Koríko ti ń hù ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Tucker, lẹ́bàá Atlanta níbí, lójú ibi tí ẹsẹ̀ èmi àti ẹ̀yin ti jẹ ilẹ̀ pá látọdúnmọ́dún. Èmi tí mo máa ń bínú pé ibẹ̀ ń dójú tì wá lójú àwọn aládùúgbò, mi ò mọ̀ pé á dùn mí tó báyìí tó bá bo.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bó ṣe lọ, bóyá wọ́n máa ń gbàgbé níbi tí ẹ wà. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni, ní ọsibítù. Mọ́mì ti sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé ọkọ̀ kúrò níbi tí kò yẹ kó páàkì sí. Èmi jókòó lápá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì, Ọ́ńkù wà lápá òsì. Mo gbé fóònù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí yín, mo ń fi fídíò àtijọ́ ti Ọmọ Erékùṣù, akọni kíríkẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́ràn jù, hàn yín, èyí tó ti gbá bọ́ọ̀lù kọjá òrùlé ilé tó wà létí pápá. Lápá òsì, Ọ́ńkù ń sọ fún yín pé ọ́fíìsì ìjọba ní Downtown, láàárín ìlú, níbi tí mo ti ń fi kọ́ńtíráàtì ṣiṣẹ́, fẹ́ gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Àwa méjèèjì ń dà á bò yín lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ni etí ọ̀tún, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ni tòsì. Ẹ lajú. Ọwọ́ ọ̀tún yín gbéra díẹ̀ lórí aṣọ ìbora. Ẹ sọ ọ́ lábẹ́ ìbòmú atẹ́gùn yẹn, lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ wá pa ojú dé, ẹ ò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Ta lẹ ń dá lóhùn, Dádì? Ọwọ́ yín tó gbéra ńkọ́? Ọ́ńkù ní ńṣe lẹ la àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan. Èmi rí i pé ẹ ká ìka kò, bí ẹni tó di ọrùn báàtì kíríkẹ́ẹ̀tì mú.

Ohun tó tún wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni ìwé ètò ìsìnkú yín. Ọ́ńkù ló gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní Jonesboro, ẹ̀rọ onítọ̀hún kò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àmì ohùn. Wọ́n tẹ àwòrán yín gàdàgbà sẹ́yìn ìwé, wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yín sábẹ́ rẹ̀: Gba a. Kò sí àmì lókè, kò sí nísàlẹ̀. Gbogbo ìjọ kà á bó ṣe wù wọ́n. Àwọn kan ní Jésù lẹ ní kí a gbà. Ìyá àgbà kan tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀, ó bi mí pé ṣé ilé ni ẹ ní kí n gbà ni àbí ọkọ. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún. Mo wá dúró níbẹ̀, mo ń fi ìwé yín fẹ́ ara mi.

Àtọjọ́ náà ni Ọ́ńkù ti ń fi ọ̀rọ̀ yín tì mí sí Downtown. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ó jókòó sórí àga yín ní pálọ̀, ó tú táì ọrùn rẹ̀.

“Ìwọ, of all people,” ló wí, “ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ohùn Yorùbá? Mo wà níbẹ̀ now. With my two ears. Gbà á ni bàbá ẹ sọ.”

Ibi tó ti mú mi nìyẹn, nítorí ẹ mọ̀ pé ohùn kì í dúró lẹ́nu mi. Atlanta ni wọ́n bí mi sí, ẹnu mi ò sì fi bò. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí àwọn àgbà ìjọ ń gbá gbọ̀ngán lẹ́yìn ìkórè? Ẹ ti kọ́ mi nínú ọkọ̀ pé tí mo bá débẹ̀, kí n kúnlẹ̀, kí n sì kí wọn kú iṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́. Mo wá fi gbogbo ọ̀yàyà kí wọn pé ẹ kú ìṣẹ́ o, sà. Ìgbálẹ̀ dúró lọ́wọ́ wọn. Bàbá kan tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn ní ìṣẹ́ ò ní jẹ́ tòun lórúkọ Jésù, àwọn yòókù sì ṣe àmín kíkankíkan. Ẹ di ògiri mú, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú yín. Ọ́ńkù ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń tún ohùn mi ṣe, ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti la ẹnu níwájú rẹ̀.

Nítorí náà tó bá bi mí pé báwo ni ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ìṣẹ́ ṣe lè búra lé ohùn kan, ìbéèrè gidi ló bi. Ṣùgbọ́n mo ní èsì. Èsì náà wà ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ koríko tó ń hù yẹn.

Ẹ̀yin lẹ kó Ọmọ Erékùṣù wọ ilé wa. Mi ò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ títí mo fi tó ọmọ ọdún méjìlá, orúkọ tí ẹ fún un yẹn náà ni mo mọ̀. Nígbà tí ẹ wà ní ilé ìwé girama ní Ìbàdàn, tí ẹ̀ ń gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tíṣà tó ń kọ́ yín ní kíríkẹ́ẹ̀tì máa ń gbé rédíò rẹ̀ sójú fèrèsé. Ẹni tó bá fọ aṣọ rẹ̀ ló lè dúró lábẹ́ fèrèsé gbọ́ ọ. Ẹ fọ aṣọ ọkùnrin yẹn fún ọdún mẹ́ta nítorí ẹnì kan tí ẹ kò rí rí, ará erékùṣù kan ní ìwọ̀ oòrùn òkun, ọmọ àwọn tó ń gé ìrèké, ẹni tó dúdú bíi tiyín. Etí lẹ fi rí i.

Wọ́n ti kọ́ yín pé eré jẹ́jẹ́ ni kíríkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó di báàtì mú á dúró sẹ́yìn ìlà rẹ̀, níwájú igi mẹ́ta tó ń ṣọ́, á máa retí bọ́ọ̀lù, á fi sùúrù gbà á, á máa yọ ráànù, ìyẹn máàkì, díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yọ ẹran lára eegun. Ọmọ Erékùṣù ò ní sùúrù ẹnì kankan. Tó bá dé ojú ìlà, á fi orí báàtì fa ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gbàrà tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń jù ú, òun náà á ti jáde, ẹsẹ̀ méjì síwájú, ó ti lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá ṣe ń jù ú le tó ló ṣe ń tètè jáde tó. Ẹ ní ẹni tó ń ka eré náà lórí rédíò kì í ráyè mí. Á kàn sọ pé ó ti jáde, ariwo á sọ, gbogbo yín tó wà lábẹ́ fèrèsé á mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ti lọ.

Ẹ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan tí a jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, tí ẹ̀ ń fi òrí pa báàtì, nítorí òrí lẹ fi ń pa á ní Ìbàdàn, ẹ ò sì gbà fún ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà pé òróró mìíràn wà. Ẹ ní ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ti pinnu ibi tó fẹ́ kó balẹ̀ kó tó jù ú. Tí mo bá dúró, ibi tó wù ú ni mo ti máa pàdé rẹ̀. Tí mo bá jáde, ibi tó wù mí ni. Mi ò tíì gbọ́ ìwàásù kankan nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó yé mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ sì fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kì í ṣe báàtì nìkan ló mọ̀. Tó bá kan òun láti ju bọ́ọ̀lù, kì í sáré gígùn bíi tàwọn yòókù. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ péré ni, bí ẹni tó ń lọ gba nǹkan rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó yá a, á sì jù ú sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹni tó di báàtì mú tààrà. Tí onítọ̀hún bá gbá a jìnnà, kò ní yí i padà. Irú rẹ̀ gan-an ló máa tún jù, yóò kàn fi ipá kún un. Nígbà tí ẹlòmíràn bá ń jù ú, á lọ dúró sún mọ́ ẹni tó di báàtì mú débi pé wọ́n ń gbọ́ èémí ara wọn, á máa fi ọwọ́ kan mú bọ́ọ̀lù tí ojú ò tíì rí. Ẹ máa ń sọ pé bí báàtì bá já a kulẹ̀, bọ́ọ̀lù ń bẹ, bí bọ́ọ̀lù bá kọ̀, ọwọ́ ń bẹ. Nínú eré kan náà, ẹ ò lè rí ibi tí ẹ máa fi í sí tí kò ní máa wá yín wá.

Wọ́n máa ń lé e jáde lọ́pọ̀ ìgbà o. Ẹ ò fi ìyẹn pa mọ́ fún mi. Ẹni tó bá jáde síta, ìta náà ni wọ́n ti máa ń mú un, wọ́n á fi bọ́ọ̀lù wó igi mẹ́ta rẹ̀ kó tó padà sẹ́yìn ìlà, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló sì wà tó jẹ́ pé òdo ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni orí rédíò á ní ó ya aláìnírònú. Ṣùgbọ́n ẹ ní bó ṣe rìn wọ pápá náà ló ṣe máa ń rìn kúrò níbẹ̀, kò sáré, kò sorí kọ́. Ọdún pọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà kí ẹ tó rí i lójú fídíò, nínú ilé wa yìí, lójú kọ̀ǹpútà mi. Ẹ wò ó títí. Ọkùnrin kúkúrú kan ni. Ẹ wá ní ó ga lórí rédíò.

Ìgbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá lẹ mú mi lọ gbá kíríkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọdé, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa dúró níwájú igi mẹ́ta lójú àwọn èèyàn. Ẹ wà létí pápá, ẹ̀ ń pariwo pé gbá a. Gbá a! Etí Atlanta mi gbọ́ gbà á. Mo bá gbà á. Mo tẹ báàtì sílẹ̀ bí ẹni gbé àwo fún àlejò, bọ́ọ̀lù wá kú sí mi lẹ́sẹ̀. Ẹ tún pariwo, mo tún gbà á, ti èkejì tún wá rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni mo gbà lálejò lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní ráànù kan. Nínú ọkọ̀ ni mo ti fi ìgbéraga sọ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ni mo gbà bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Ẹ wa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn tó ń ta táyà, ẹ pa iná ọkọ̀, ẹ gbé orí lé sítíárì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lẹ fi kọ́ mi. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ẹ bá tibi iṣẹ́ dé, ẹ máa ń ju bọ́ọ̀lù sí mi ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀ ń pe ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Gbá a, kí n jáde, kí n gbá a. Gbà á, kí n dúró, kí n pa á sílẹ̀. Tí mo bá ṣì í, èmi ni mo máa fọ abọ́. Mo fọ abọ́ títí ọwọ́ mi fi bó lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ̀ ń pè é wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ̀ ń pè é pẹ̀lú ẹ̀pà lẹ́nu, ẹ̀ ń yíjú sẹ́yìn pè é, mi ò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Nínú gbogbo èdè Yorùbá, Dádì, ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà tí ohùn wọn ò lè rú mi lójú láé, àwọn méjì tí Ọ́ńkù sọ pé mi ò gbọ́ yìí gan-an ni.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní Sọ́ńdè yẹn. Ó ní ẹ̀yìnkùlé kọ́ ni bẹ́ẹ̀dì ẹni tó ń kú lọ.

Mo ní ohun kan tí mo fẹ́ tọrọ àforíjì fún kí n tó máa bá ìjà mi lọ. Mo fi kíríkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nígbà tí mo wọ yunifásítì. Ó ń tì mí lójú láti máa ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn ọ̀rẹ́ mi. Ọdọọdún, tí òtútù bá ti ń lọ, ẹ máa ń fi òrí pa báàtì yẹn, ẹ máa ń gbé e ti ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Mo máa ń dá a kọjá. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi dá báàtì yín kọjá. Ìgbà tí àìsàn yín dé ni mo tó gbé e, tí mo sì wọ ẹgbẹ́ kan, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ sì lè wá wò mí, nínú ọkọ̀, pẹ̀lú gíláàsì tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ àti ìbora lórí orúnkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.

Ó yá, àwọn èèyàn méjì tó ń retí mi. Ọ̀kan ni ọ̀gá mi ní Downtown, tó fẹ́ mọ̀ bóyá mo gba iṣẹ́ náà. Èkejì ni ìyá kan, ará Íńdíà, tó ní ilé ìkẹ́rùsí ní Tucker, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe fèrèsé. Ìdajì ilé náà ti ṣófo, ó gùn, òrùlé rẹ̀ ga, ó sì fẹ́ kí n fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíríkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ náà ti wà, tiwọn àti tiwa láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí ni mo ti ń kọ́ wọn ní gbogbo Sọ́ńdè, a sì máa ń sá fún mọ́tò. Mi ò lè ṣe méjèèjì. Ọ̀sán ni ọ́fíìsì fẹ́ mi, ọ̀sán náà ni àwọn ọmọ ń ti ilé ìwé dé.

“Iṣẹ́ nìyẹn,” Ọ́ńkù ló wí, ó na ọwọ́ sí apá ibi tí Downtown wà. Ó wá na ọwọ́ sí Tucker. “Ìṣẹ́ nìyí. Choose.”

Ó pè é ketekete kí n lè gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mi ò sì sọ pé kò nífẹ̀ẹ́ mi o. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ìṣẹ́ ní ìlú yìí kí wọ́n tó bí mi, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ sùn sórí kápẹ́ẹ̀tì kan náà. Àmọ́ tó bá fẹ́ dí mi lọ́nà, ẹnu ara rẹ̀ ni kó fi sọ ọ́. Kò gbọdọ̀ yá ẹnu yín.

Lánàá, Sátidé, ẹgbẹ́ wa gbá. Ọ́ńkù wá. Kò wá rí, mi ò sì pè é. Ó dé pẹ̀lú ṣòkòtò tí ó lọ̀ dáadáa àti bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sórí kúlà omi wa bíi adájọ́. Mo ju bọ́ọ̀lù kí ó tó kàn wá láti gbá, mo lé ẹni méjì jáde, ìka mi kan sì wú níbi tí mo ti mú bọ́ọ̀lù kan. Nígbà tó kàn mí láti di báàtì mú, ráànù mọ́kàndínlógún ló kù wá kù, bọ́ọ̀lù méjìlá ló ṣẹ́ kù. Kápítéènì wa, bàbá kan láti Guyana tó ń tún fìríìjì ṣe, dì mí léjìká mú. Ó ní kí n ṣáà dúró, kí n máa pa á sílẹ̀, kí n jẹ́ kí ẹnìkejì mi tó lágbára gbá a. Ní èdè wa, gbà á ló ní kí n ṣe.

Mo fi orí báàtì fa ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ju ti àkọ́kọ́, mo jáde, mo gbá a wọ inú igi páìnì tó wà lẹ́yìn pápá, ráànù mẹ́fà. Ó ju ìkejì, mo jáde, bọ́ọ̀lù fò kọjá orí òun fúnra rẹ̀, mẹ́rin. Mo gbọ́ òórùn òrí lára báàtì bó ṣe ń gbóná lọ́wọ́ mi. Ìkẹta, mo jáde. Bọ́ọ̀lù yẹn yà. Mo gbá afẹ́fẹ́, kí n tó yíjú padà, ẹni tó wà lẹ́yìn mi ti fi bọ́ọ̀lù wó igi mẹ́ta náà lulẹ̀, èmi sì rèé níta, ẹsẹ̀ méjì sí ilé. A fi ráànù mẹ́rin pàdánù. Bóyá tí mo bá dúró ni, à bá borí. Mi ò ní parọ́ fún yín. Bí mo ṣe rìn wọlé ni mo ṣe rìn jáde.

Mo rò pé Ọ́ńkù máa ní ṣé mo rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ló ń rín, omijé sì wà lójú rẹ̀.

“Exactly so,” ó ní. “Exactly so ni bàbá ẹ ṣe jáde kú ní final, ọdún tí mo wà ní Form One. Ẹsẹ̀ méjì síta. Gbogbo school ń sunkún.”

Ó ní tíṣà olórédíò yẹn na yín ní ẹgba mẹ́fà, ó sì yọ yín kúrò nínú ẹgbẹ́ fún táàmù kan. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n dá yín padà, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n jù sí yín, ẹ tún jáde pàdé rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi rí? Gbogbo ìgbà tí wọ́n lé Ọmọ Erékùṣù jáde ni mo mọ̀, tiyín nìkan ni mi ò mọ̀. Ṣé ó dùn yín tó bẹ́ẹ̀ ni, àbí ẹ̀ ń dúró kí témi náà kọ́kọ́ dé?

Ọ́ńkù nu ojú rẹ̀ tán, ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. “But gbà á ló sọ o,” ló wí, ó sì lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, kí a tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo dúró níwájú dígí, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu bíi ìbòmú yín. Mo sọ gbá a. Mo sọ gbà á. Mo mú ohùn mi rẹlẹ̀ bíi tiyín, mo tún wọn sọ. Ọ̀kan náà ni wọ́n dún, Dádì. Ọ̀kan náà gan-an. Mo ti ń bá Ọ́ńkù jà fún oṣù márùn-ún, mi ò mọ̀, òun náà ò mọ̀. 

Mo fi lẹ́tà yìí sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn lánàá. Mọ́ńdè ti dé, ó sì ti di ìrọ̀lẹ́ báyìí. Láàárọ̀, Mọ́mì po tíì méjì. Ó mu tirẹ̀. Ó wo ìkejì, ó wá tì í sí iwájú mi lórí tábìlì. Ṣúgà tiyín ló wà nínú rẹ̀, ó dùn jù. Mo mu ún tán.

Ọ̀gá mi ti sọ pé òun á pè mí láago méjì. Mi ò dúró dè é. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Downtown, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láago mẹ́sàn-án, mo sì fún un ní ìdáhùn lójúkojú. Láti ibẹ̀ mo lọ gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí ní Tucker. Eruku pọ̀ nínú ilé náà, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà àkọ́kọ́ sí ilẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Ó ṣì ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo pe Ọ́ńkù kó tó pè mí. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ó tún un sọ pé gbà á ni. Mo ní mo ti gbọ́, sà. Nígbà tó fẹ́ pa fóònù, ó bi mí pé ṣé ibẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, torí òtútù ń bọ̀.

Bó bá jẹ́ pé gbá a ni ẹ sọ, Dádì, mo gbọ́ yín. Bó bá sì jẹ́ pé gbà á ni, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má dúró síbi tí ẹni tó ju bọ́ọ̀lù fẹ́ kí n dúró sí, mi ò sì ní yọ bọ́ọ̀lù tí ẹ̀yin náà jù sílẹ̀. Mo ti gbá a.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín gan-an, tó ṣì ń ṣi ohùn pè.